Ọkọ̀ Ojú Òkun Tí Bàbá Qonitah Yàn

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò Ìkòtún. Ara wa le ní Kánádà níbí. Ọkọ mi, bàbá Qonitah, fẹ́ gbé èmi àtàwọn ọmọ lọ gbafẹ́ lójú òkun fún ọjọ́ méje. Ẹ bá mi yọ̀!

Ọkọ̀ méjì la yẹ̀ wò. Èmi mú èyí tó kéré, torí gbogbo wa lè sùn pọ̀ ní yàrá kan. Ó gbá mi létí. Abọ́ tó sọ tẹ̀lé e fọ́ mi lórí díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n rán an, ó ti ń jinná. Ó wá yan èyí tó tóbi jù: àwọn ọmọ ní àjà kẹta, èmi àti ẹ̀ ní àjà kẹwàá, bákónì wa dojú kọ òkun. Ó ní ìrìn yìí ló máa parí gbogbo ìjà wa.

Mi ò ṣáà mọ̀wẹ̀. Òun náà mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má pè é bẹ̀ ẹ́ mọ́ o. Ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ pè é lọ́jọ́sí ni apá mi yẹ̀. Sùúrù tẹ́ ẹ ní kí n ṣe, mo ń ṣe é.

Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Àmúsà ní tésàn ọlọ́pàá Ìdímù. Orúkọ ọkọ̀ náà àti nọ́ńbà yàrá wa wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ fún un, ẹ ní kó tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Èmi Aasiyah, ọmọ yín.