Omi Tí Ìyá Mi Bù Fún Àlejò

                                        Abà Alágbẹ̀dẹ,
                                        Lẹ́bàá Akanran,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1859.

Olúyínká, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ìyá ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó wú ńkọ́? Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ń jókòó, tí mo ń dìde.

Ìyá Mùjíbátù, aládùúgbò wa, ló fẹ̀sùn kan bàbá mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ ńlá méjì tó dọ́gba ló ní. Ó ní kí bàbá mi yọ́ ọ̀kan, kí wọ́n fi ṣe kékeré méjì fún àwọn ìbejì ọmọ rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó pariwo pé méjèèjì kò tó ìdajì ti òun, pé bàbá mi jí idẹ. Baálẹ̀ ní kí bàbá mi fi irin búra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n paná àgbẹ̀dẹ. Bàbá mi ní àwọn kì í fi ohun tó ń bọ́ àwọn búra nítorí ìwọ̀nba idẹ.

Ni mo bá rántí òkúta tí olùkọ́ wa jù sómi níjọ́sí, láti fi hàn wá pé bí nǹkan bá ṣe tóbi tó ni omi tó ń lé jáde ṣe ń pọ̀ tó. Lójú gbogbo wọn, mo gbé ìkòkò sínú àwo, mo bu omi kún un dé ẹnu, mo sì rọra ki ẹ̀gbà ńlá tó kù bọ̀ ọ́. Mo da omi tó ṣàn sínú àwo sínú ahá, igbá kékeré tí a fi ń mumi, mo fi ẹfun sàmì síbi tó dé, mo sì dà á nù. Bí kékeré méjèèjì bá lé irú omi bẹ́ẹ̀ jáde, idẹ pé nìyẹn. Mo yọ ẹ̀gbà náà, mo tún bu omi kún ìkòkò, mo yíjú sí Baálẹ̀ láti ṣàlàyé, kí n tó ki kékeré méjèèjì bọ̀ ọ́.

Yínká, omi kò dé ìdajì àmì!

Ìyá Mùjíbátù bú sẹ́rìn-ín. Mo wojú bàbá mi. Kí n má purọ́ fún ọ, mo gbà lọ́kàn mi pé olè ni wọ́n.

Àfi bí Gàfárù, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ṣe dá igbá padà fún ìyá mi, tó ń dúpẹ́ omi tútù. Inú ìkòkò mi ni ìyá mi ti bù ú nígbà tí mo yíjú! Wọ́n ní, “Ṣé kí n máa wo àlejò láìfún un lómi, nítorí ìwé tí o kà?”

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Omi kan àmì ẹfun gẹ́lẹ́. Ìyá Mùjíbátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ilé dùn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò pè mí kí n wá fẹ́ná. Lánàá mo lọ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, “Wándé, omi ti dá mi láre. Ojú tí o fi wò mí kí omi tó sọ̀rọ̀ ńkọ́?”

Ì bá ṣe ọ̀rọ̀ ni mo sọ, ǹ bá kó o jẹ. Ṣùgbọ́n ojú ni mo fi wò wọ́n, ojú ò sì ṣe é kó jẹ.

Bá mi kí ìyá. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti lè gbé ọ, jọ̀wọ́, wá bá mi bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò rójú sùn,
Wándé.