Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Kemta, Ọjọ́rú, 1986

Ọdún méjì ni mo fi ti ìwé tí mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń to orúkọ àwọn ọmọ iléèwé ìjọba sí mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Lónìí mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì, mo ní kí ẹni tó bá rí àṣìṣe fàlà sí i.

Síkírátù tó ń tẹ̀wé fún wa ló kọ́kọ́ fàlà. "Ọ̀gá, bí orúkọ bàbá ọmọ méjì bá jọra, tí ọjọ́ ìbí wọn náà jọra, ẹ ní kó pa ọ̀kan rẹ́. Ìbejì ńkọ́?"

Àṣé ibẹ̀ ni orúkọ àwọn Kẹ́hìndé tí àwọn iléèwé ń wá ń sọnù sí.

Àwọn ará ọ́fíìsì fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe, mo kọ orúkọ Síkírátù sábẹ́ tèmi.

Èmi Ìdòwú, tí mo tẹ̀lé ìbejì wáyé, ni mo gbàgbé ìbejì. Ìyá wa ò gbọdọ̀ gbọ́.