Ìwé Sójà Tí Mo Gbé Wálé

Ọjọ́rú, 1991

Ẹgbẹ́ akàwé wa ní Igbó-Elérin ti yan ìwé tuntun: ìtàn sójà tí kò padà wálé. Mo ní n kò lè kà á, pé lẹ́tà inú ìwé náà ti kéré jù. Irọ́ ni. N kò fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ ti Àkànbí ọmọ mi, tó ti bárékè Ọ̀jọ́ lọ sójú ogun, tí a ò rí òkú rẹ̀.

Tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ wa ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Bọ̀sẹ̀, ọmọdé inú ẹgbẹ́ wa, bá yín ka ojú ewé àkọ́kọ́."

Kó bá ta ni kà á? Èmi àgbà ẹgbẹ́, tí mo máa ń ka ojú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé sókè fún wọn! Mo já ìwé náà gbà.

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́ yìí. Sójà inú ìwé ní, "Ó dìgbà, Màmá." Ohùn Àkànbí ni mo gbọ́.

Lọ́la, níwájú gbogbo wọn, ẹnu èmi ni "Ó dìgbà" yẹn yóò ti jáde.