Ìbéèrè tí Ọmọ́yẹni Bi Mí Lórí Ọ̀rọ̀ Kánádà

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Àjáńgbádì,
                                        Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1994.

Ọládàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Adéníkẹ́ ìyàwó rẹ ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá mi tí mo fi sí ìkáwọ́ rẹ l'Ábẹ́òkúta ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n sọ ọjọ́ tí a máa wọ bàálù. Ọ̀rẹ́ mi, a ò lọ Kánádà mọ́.

O rántí pé gẹ́gẹ́ bí olówò tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni mo ṣe béèrè físà. Wọ́n yẹ ìwé báńkì mi wò, wọ́n yẹ ìwé ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n mi ní Alábà wò, kò sí àléébù. Àyẹ̀wò ara ló kù. Gbogbo wa la lọ, àti ọmọ àtìyá. Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ́yẹni, àkọ́bí mi, ni dókítà dúró lé lórí. O ṣáà mọ̀ pé fòníkú-fọ̀ladìde ń bá a jà láti kékeré. Èsì tó dé ni pé ìtọ́jú rẹ̀ yóò ná ìjọba wọn lówó jù, nítorí náà wọn ò gba ẹnikẹ́ni nínú wa.

A gba ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ń bá wa ṣètò ìwé lọ, ní Òkókómaikò. Yétúndé ìyàwó mi wà níbẹ̀, Ọmọ́yẹni náà jókòó tì í, torí ọsibítù la ti ń bọ̀. Bí inú bá gbóná, ẹnu a máa ṣíwájú ọgbọ́n. Mo ní, "Lọ́yà, tí a bá fi èyí sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá mi ńkọ́?"

Èyí! Mi ò tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀.

Lọ́yà mi orí. Ó ní, "Ọ̀gá Fọlárìn, bí ẹ tiẹ̀ fi í sílẹ̀, ọmọ yín ṣì ni. Àtẹni tó ń lọ, àtẹni tí kò lọ, gbogbo yín lẹ gbọ́dọ̀ yege. Bí ẹnì kan bá kùnà, ó parí nìyẹn."

Yétúndé fa Ọmọ́yẹni lọ́wọ́, wọ́n jáde ṣíwájú mi.

Nígbà tí mo ti Alábà dé lọ́jọ́ kejì, mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Bóyá tí wọn ò bá rí mi mọ́, wọ́n á jẹ́ kí ẹ lọ." Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò síbi tó ń lọ, pé ibí yìí náà ni gbogbo wa máa wà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ká ní wọ́n gbà kí ẹ fi mí sílẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá ti lọ?"

Ọládàpọ̀, ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde nínú báàgì. Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Èmi ò ní lọ."

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo pe Ọmọ́yẹni, mo ní èmi náà ì bá má lọ. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, a bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Bá mi kí Adéníkẹ́ àti àwọn ọmọ. Bí ìyá mi bá béèrè ìdí tí a ò fi lọ mọ́, jọ̀wọ́, sọ fún wọn pé wọn ò fún wa ní físà. Má dárúkọ ọmọ náà sí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì ni mo ṣì jẹ́,
Fọlárìn.