Ẹ̀dá Inú Ìgò Tí O Fẹ́ Sọ Lórúkọ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, bàbá rẹ náà ní kí n kí ọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀ nínú ìlú ńlá yẹn. Ara wa le, àfi orúnkún bàbá rẹ tó tún ń dùn ún, àti òrùlé ibi ìdáná tó ń jò. Ṣé o ń jẹun ṣá?

Mo rí ohun tí o kọ sórí fóònù, pé ìgò omi tí mo fi ránṣẹ́ ṣófo, kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀. Báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀? O ní kí n bu omi adágún ẹ̀yìn ilé, mo bù ú, mo rí i pé ó ti di àwọ̀ ewé, mo bá sè é, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo fi ọṣẹ fọ ìgò. Ṣé kí àwọn ọ̀gá rẹ máa sọ pé ilé onídọ̀tí lo ti jáde ni?

Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ ńkọ́? Mo fi etí ìró nu ojú fóònù títí, mo rò pé ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn. Àṣé ẹ̀dá ọ̀hún gan-an nìyẹn! Ohun tí kò lórí, tí kò lẹ́nu, tí irun yí gbogbo ara rẹ̀ ká. O ní inú omi adágún wa tó o bù lọ nígbà tó o wálé lo ti rí i, lábẹ́ awò tó ń mú ohun kékeré tóbi, pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí, pé tó o bá tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á gbà pé tuntun ni, wàá sì fi orúkọ mi pè é. O ṣeun! Orúkọ tí mo ń tọ́jú de ọmọ-ọmọ mi, ohun tó ń gbé inú ẹrẹ̀ lo fẹ́ fún.

O tún ní ẹ ń wo irun rẹ̀ àti bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ ìdílé tó ti wá. Àǹtí rẹ ń gbé òpópónà kejì sí ọ, o ò yà kí i láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ̀lẹ́bí ohun tí kò lójú lò ń wá kiri. O ní ńṣe ló ń pín ara rẹ̀ sí méjì, ó di ọmọ, kò wá ọkọ, kò wá ìyàwó. Ṣé ibẹ̀ lo ti kọ́ ọ ni?

Mo ń ráhùn fún aránṣọ tó dojú kọ ilé wa, obìnrin ẹlẹ́nu mímú yẹn, mo rò pé á bá mi bú ọ. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní ṣé inú ìwé ni orúkọ náà máa wà, táwọn ọ̀mọ̀wé á máa pè é nígbà tí gbogbo wa bá ti kú tán? Mo ní bẹ́ẹ̀ lo wí. Ló bá ní bí èmi ò bá fẹ́, kó o fi tòun sí i, irun ara ẹ̀dá náà ò ṣe òun ní nǹkan kan.

Tirẹ̀ kẹ̀! Obìnrin tó gé ṣòkòtò bàbá rẹ kúrú! Èmi fúnra mi wọ inú adágún láàárọ̀ yìí. Ìgò tí awakọ̀ máa gbé fún ọ, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà wà níbẹ̀, mi ò sè é, mi ò sẹ́ ẹ. Wá a dáadáa. Tó o bá rí i, orúkọ mi ni o, kọ ọ́ ní kíkún, kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ni orúkọ náà lẹ́nu, ó sì lọ́kọ.

Fi owó bàtà ránṣẹ́, ẹrẹ̀ ti gbé ti ẹsẹ̀ ọ̀tún mi mì. Tówó bá ṣẹ́ kù, òrùlé ń bẹ níbẹ̀. Wàá rí ohun tí ò ń wá nínú ìgò, wàá sì rí ẹni tí wàá fẹ́, tí èmi ń wá fún ọ, lóde ìgò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.