Ohùn Inú Pátákó Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Mo ń gbálẹ̀ pálọ̀. Obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Òùngbẹ ń gbẹ mí." Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ sì ti gba ohùn wọn. Pátákó orí itan wọn ló sọ̀rọ̀. Àwòrán kún ojú rẹ̀, wọ́n á tẹ ọ̀kan, ohùn á jáde. Ohùn ọmọge, bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Mo bi ọkọ mi, Adúmáadán mi, pé ohùn ta ni. Ó ní, "Àbúrò mi ló bá wọn gbà á sínú ẹ̀." Àbúrò tó ti kú kí n tó délé yìí.
Mo sọ olóhùn náà ní Ẹlẹ́rìn-ín, bí ìyàwó ṣe ń fún ará ilé ọkọ lórúkọ. Ìbẹ̀rù mi lè dín kù.

Ọjọ́rú, 5
Kò sí àwòrán ìyàwó lórí pátákó. Kò sáà tíì sí ìyàwó nílé nígbà náà. Bí Màmá bá fẹ́ pè mí, àwòrán ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tẹ̀ — "Àlejò."
Òkú ń pè mí lálejò nílé ọkọ mi, èmi náà ń jẹ́ "Mà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Tíṣà tó ń kọ́ Màmá lọ́rọ̀ wá. Ó ní láyé àtijọ́, ẹni tí kò lè fọhùn, bí àga ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn dókítà kan tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwòrán á sọ ẹnu di ọ̀lẹ. Àwọn aláìsàn wá ń fi ojú sọ̀rọ̀, wọ́n ń tọ́ka sí lẹ́tà, kó tó kan àwòrán, kó tó kan ẹ̀rọ. Ní báyìí fóònù lè ka ohunkóhun téèyàn bá kọ; ṣé ká fi rọ́pò pátákó?
Màmá tẹ "Rárá."
Tíṣà ní, "Rọpárọsẹ̀ ò rí agídí yín mú, Màmá." Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.
Ó fi bọ́tìnì pupa hàn mí: di èyí mú, tẹ àwòrán, sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, fi ara ẹ sí i."

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Màmá ń sùn. Mo tẹ ilẹ̀kùn, mo sọ "Ìyàwó," ohùn mi bíi ti ẹ̀fọn. Mo rò pé ohùn á jókòó lé ohùn, bí aṣọ ṣe ń gorí aṣọ nínú àpótí. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Èmi nìkan. Ẹlẹ́rìn-ín ti kúrò níbẹ̀.
Ẹni tó ti kú, mo tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mi ò tíì sọ. Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Màmá tẹ ilẹ̀kùn. Ohùn mi jáde. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Adúmáadán dìde: "Ta ló dán èyí wò?" Mo kúnlẹ̀.
Màmá wò mí títí. Wọ́n tẹ "Ọmọ mi." Wọ́n tẹ "Sinmi." Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bá wí, àfi ìgbà tí Adúmáadán bú sẹ́kún ni mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ni.
Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú ìka mi, wọ́n gbé e lé bọ́tìnì pupa. Wọ́n tọ́ka sí àwòrán ife. Mo sọ pé, "Òùngbẹ ń gbẹ mí." Lẹ́yìn náà, àwo. Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀dì. A gbà á títí ó fi ku àwòrán òṣùpá nìkan. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyẹn.
Nígbà tí a fẹ́ sùn, wọ́n ṣí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́.
"Ó dàárọ̀ o," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.
Mo dá a lóhùn.