Ohùn Rẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlàjà, ohùn yín ò ní há láéláé.

Látìgbà tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí ti jà ní Boundary, àdúgbò wa níbí, èmi àti Ìyá Zulfah, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, ò kí ara wa mọ́. Nígbà tí ẹ wá gba ohùn àwa ará àdúgbò sílẹ̀ fún ètò yín lórí rédíò, ẹ ò bi mí léèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí nípa Ìyá Zulfah lẹ bi mí. Mo ní, "Ẹran Iléyá rẹ̀ kọ́ o, ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ni." Ẹ wá ní kí ẹlòmíì bá mi ka ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má baà dá mi mọ̀. Ọgbọ́n yín yẹn wú mi lórí gan-an!

Àfi bí mo ṣe gbọ́ Ìyá Zulfah látẹ̀yìn ògiri, tó ń dá rédíò lóhùn: "Obìnrin yìí, ká ní èmi ni aládùúgbò ẹ ni, ǹ bá ti wá kí ẹ."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún un pé èmi ni? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Olóòtú, ẹ má dárúkọ mi o. Àmọ́ ẹ rọra ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi yìí. Rédíò Ìyá Zulfah ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo sì ti ṣí ilẹ̀kùn mi sílẹ̀.